Ọkọ̀ Àpatì L'étí Omi: Bẹ́ ẹ Ṣe Lè Yọ Ọ́ Láì Dá Wàhálà Míì Sílẹ̀

Tẹ́ ẹ bá wọkọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀, tẹ́ ẹ kọrí sí ìhà Ìwópin, ẹ máa rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko. Òmíì, imú nìkan ló yọ síta, òmíì ti dojú dé, òmíì kún fún omi òjò tí ẹ̀fọn ti sọ di ilé. Ọkọ̀ fáíbà tí ẹ́ńjìnì ẹ̀ ti kú, ọkọ̀ pákó tí bàbá tó ni ín ti dolóògbé tí àwọn ọmọ ẹ̀ wà l'Ékòó, bájì, ìyẹn ọkọ̀ irin pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ń kó ẹrù, tí àwọn tó ń wa yanrìn fi sílẹ̀ nígbà tíṣẹ́ wọn parí. Àwa ń pè é ní ọkọ̀ àpatì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kò ṣẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ó ṣáà wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́. Kò wà jẹ́ẹ́ o.

Ní èbúté tiwa, fáíbà kan rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́tì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa ń rí etí ẹ̀, ṣùgbọ́n tómi bá ti kún, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ̀ tó ń kó àwọn ìyá ẹlẹ́ja bọ̀ láti ọjà Olúwo gùn ún lórí, ó sì dojú dé. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, omi ibẹ̀ ò jìn, àwọn ọmọkùnrin tó wà létí omi sáré bẹ́ sínú ẹ̀, gbogbo wọn jáde láàyè. Ṣùgbọ́n ọjà lọ, owó lọ, fóònù lọ. Àǹtí mi kan wà nínú wọn, títí dòní tí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, kò ní wọkọ̀ mọ́, á kúkú sùn sí Ẹ̀pẹ́. Látìgbà yẹn la ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ àwọn ọkọ̀ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ti ṣe àṣìṣe tó pọ̀, ìdí ẹ̀ nìyí tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀ fún ẹ̀yin tó wà ní èbúté yòókù.

Ohun kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú: fífà ọkọ̀ kọ́ ló le jù. Ẹni tó ni ín àti ohun tó wà nínú ẹ̀, àwọn méjì yẹn ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yanjú wọn, fífà á máa rọrùn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ lọ wò ó

Ẹ lọ nígbà tómi bá fà, láàárọ̀ kùtù, kí atẹ́gùn tó bẹ̀rẹ̀ sí da omi rú. Ẹ mú fóònù, ìwé àti ọ̀pá gígùn lọ. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ láti iwájú, láti ẹ̀yìn, láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Tí orúkọ tàbí nọ́ńbà bá wà lára ẹ̀, ẹ nù ún mọ́ kẹ́ ẹ sì ya òun náà. Ẹ fi fóònù mú location ibẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ara yín kó má baà sọnù. Ẹ wọn gígùn ẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá wo bí omi ṣe jìn tó, kẹ́ ẹ sì wo ilẹ̀ tó jókòó lé, bóyá yanrìn ni tàbí ẹrẹ̀, torí ọkọ̀ tó jókòó sínú ẹrẹ̀ nira ní ìlọ́po méjì.

Ẹ wo ohun tí wọ́n fi kan án. Ọkọ̀ pákó, àwọn ará ìlú lè yọ ọ́ fúnra wọn. Fáíbà kékeré náà, wọ́n lè yọ ọ́ tí wọ́n bá ṣọ́ra. Bájì irin, ọkọ̀ ńlá, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa yanrìn, ẹ má dán an wò. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ máa ní àwọn lè mú wẹ́dà wá kí wọ́n gé e. Táǹkì bájì tó dà bíi pé ó ṣófo lè kún fún èéfín epo, iná wẹ́dà kan ṣoṣo ti tó láti gbé èèyàn mẹ́rin lọ sọ́run. Nínú táǹkì irin tí wọ́n ti pa dé fún ọdún púpọ̀ pàápàá, ìpata máa ń fa ọ́síjìn tó wà nínú atẹ́gùn tán, ẹni tó bá kó wọ inú ẹ̀ lè ṣubú kó kú láì tíì pariwo. Iṣẹ́ tiyín lórí bájì ni kẹ́ ẹ ya fọ́tò, kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà, kẹ́ ẹ sì gbé ọ̀pá àmì síbẹ̀.

Ọ̀pá àmì náà ṣe pàtàkì, ẹ má fi falẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí ọkọ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ri ọparun méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kẹ́ ẹ so aṣọ pupa mọ́ orí wọn, kẹ́ ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì funfun kọ́ ọ kí àwọn awakọ̀ lè rí i láti òkèèrè. Bóyá oṣù mẹ́ta ló máa gbà kẹ́ ẹ tó yọ ọkọ̀ yẹn, àwọn èèyàn á ṣì máa kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ tún rántí pé ewé tó ń léfòó yìí, tí wọ́n ń pè ní water hyacinth, èyí tó gba ìhà Badagry wọlé ní 1984, kì í ṣe ojúoró àti òṣíbàtà táwọn bàbá wa mọ̀, ó máa ń gbára jọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ àpatì, á bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Awakọ̀ á rò pé ewé lásán ni òun fẹ́ gbà kọjá.

Ta ló ni ín?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí. Ọkọ̀ tí wọ́n pa tì kì í ṣe ọkọ̀ tí kò lólúwa. Nígbà àkọ́kọ́ tá a ṣiṣẹ́ yìí, a rí ọkọ̀ pákó kan tó ti wà létí omi fún bí ọdún mẹ́fà, koríko ti hù nínú ẹ̀, a ní ta ló tún fẹ́ wá béèrè eléyìí, la bá fi àáké là á, a pín pákó ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan dé láti Ìjẹ̀bú-Òde, ó ní ọkọ̀ bàbá òun ni, àwọn mọ̀lẹ́bí ṣì ń bára wọn fà á lórí ogún ni wọn ò ṣe tíì wá gbé e. Ó kó ọlọ́pàá wá. Owó tá a san yẹn, ó ju owó ọkọ̀ náà lọ, ìtìjú tó sì bá baálẹ̀ wa lọ́jọ́ yẹn ṣì ń dùn mí.

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ bá baálẹ̀ tàbí ọlọ́jà tó ni ilẹ̀ étí omi yẹn. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ ṣàlàyé. Lẹ́yìn náà, ẹ bá ẹgbẹ́ apẹja àti ẹgbẹ́ awakọ̀ ojú omi sọ̀rọ̀, torí àwọn ló mọ ọkọ̀ olúkúlùkù, wọ́n á kàn wo imú ọkọ̀ lásán wọ́n á ní, "Háà, ọkọ̀ Bàbá Rájí mà ni, káfíńtà tó wà ní Mákùn-Omi ló kàn án fún un." Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ o. Olúkúlùkù wọn ló ní bó ṣe ń gbẹ́ imú ọkọ̀, tí wọ́n bá rí i, wọ́n á mọ ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Ìlàjẹ àti àwọn apẹja míì tó ń gbé láàárín wa náà, kì í ṣe àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú nìkan ló ní ọkọ̀ lórí omi yìí.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ rán ẹni tó níyì sí i, ẹ má rán ọmọdé. Ẹ má sọ fún un pé ọkọ̀ ẹ̀ ti di ìdọ̀tí. Ẹ sọ pé, "Bàbá, ọkọ̀ yín ń dí ọ̀nà, a sì fẹ́ bá yín gbé e. Ṣé ẹ fẹ́ ká gbé e wá sórí ilẹ̀ fún yín, àbí kẹ́ ẹ yọ̀ọ̀da ẹ̀ fún ìlú?" Ọ̀pọ̀ ló máa dúpẹ́, torí owó ló sé wọn mọ́lẹ̀ tí wọn ò fi lè yọ ọ́. Tó bá yọ̀ọ̀da ẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí méjì, kódà kó jẹ́ àtàǹpàkò ló máa tẹ̀. Ìwé pélébé yẹn máa gbà yín lọ́jọ́ kan.

Tẹ́ ẹ ò bá rí ẹni tó ni ín, ẹ kéde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, kí akígbe sọ ọ́ lọ́jà. Ẹ lẹ fọ́tò ẹ̀ mọ́ jẹ́tì, kẹ́ ẹ gbé e sórí WhatsApp àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó àti lókè òkun. Ẹ kọ déètì sí i. Àwa ń fún wọn ní oṣù kan ó kéré tán, tó bá sì jẹ́ pé fáíbà tó ṣì níye lórí ni, a máa ń fún wọn ní mẹ́ta.

Ohun kan tún wà. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè bóyá ibi tí ọkọ̀ yẹn wà ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọdún ìlú tàbí òòṣà odò kan, torí àwọn ibì kan wà tí wọn kì í wọ̀ lásìkò kan. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dúró fún ọjọ́ méje, ẹ dúró. Omi ò lọ síbì kankan.

Ìwé ìjọba

NIWA, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀nà omi, ló ni àṣẹ lórí ọ̀nà omi, òfin tó dá a sílẹ̀ ní 1997 dárúkọ ọ̀nà tiwa gan-an: láti Badagry gba Lagos Lagoon dé Ẹ̀pẹ́, gba Lẹ́kí Lagoon dé Ìwópin, títí lọ dé Warri. Ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀ ti fà á tì síra wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí ẹni tó ni omi, kó tó di pé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a ní oṣù kìíní 2024 pé NIWA ni. Nítorí náà, lẹ́tà yín á lọ sí ọ́fíìsì NIWA tó sún mọ́ yín, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ (tiwa ni Ògùn Waterside, Àbìgì ni olú-ilé ẹ̀), kẹ́ ẹ sì fi ọ̀kan fún ọlọ́pàá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú, ẹ fi tó LASWA, àjọ ọ̀nà omi ìpínlẹ̀ Èkó, létí pẹ̀lú, wọ́n wà nítòsí yín. Ẹ so fọ́tò, location, ìwé ẹni tó ni ọkọ̀ tàbí déètì ìkéde mọ́ lẹ́tà náà. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù padà.

Tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ńlá tó ń rin òkun ló gúnlẹ̀ sí etíkun yín, ní ìhà Òde-Omi bẹ́ẹ̀, NIMASA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọkọ̀ òkun, lẹ máa kọ̀wé sí. Àdéhùn kan wà tí wọ́n fọwọ́ sí ní Nairobi ní 2007, Nairobi International Convention on the Removal of Wrecks lorúkọ ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 2015, Nàìjíríà sì wà nínú ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó ni ọkọ̀ ló máa sanwó yíyọ rẹ̀, àti pé ọkọ̀ tó bá tó 300 gross tonnage (ìwọ̀n bí inú ọkọ̀ ṣe tóbi tó) sókè gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì tó máa bo owó yẹn. Ẹ dárúkọ ẹ̀ nínú lẹ́tà yín, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré fún etíkun o, ìgbì á máa kọlù ú, yanrìn á máa kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òkun á máa jẹ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, títí tó fi máa dé ilé àwọn èèyàn.

Tẹ́ ẹ bá rí ìbọn, oògùn, tàbí òkú èèyàn nínú ọkọ̀, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́, ẹ pe ọlọ́pàá.

Ìgbà wo ló dáa?

Oṣù kejìlá sí oṣù kẹta. Omi ti fà nígbà yẹn, ó sì mọ́, ẹ lè rí ohun tẹ́ ẹ ń ṣe. Nínú oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, omi Ọ̀ṣun àti àwọn odò yòókù ti ya wọ ọ̀sà, gbogbo ẹ̀ á kún, á sì dúdú. Àwa kì í ṣiṣẹ́ yìí nígbà yẹn àfi tí ọkọ̀ bá ti wà lókè tó jẹ́ pé kíkún omi ló máa bá wa gbé e léfòó, ìyẹn á wúlò gan-an. Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, omi òkun ń wọlé ó sì ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ lè so dúrọ́ọ̀mù mọ́ ọkọ̀ nígbà tómi bá fà, kẹ́ ẹ jókòó, kómi tó ń bọ̀ ṣiṣẹ́ fún yín. Lọ́dọ̀ tiwa ní ìhà ìlà-oòrùn, bó ṣe ń lọ sókè sódò ò tó nǹkan. Tọ́yẹ́ bá bo ojú omi láàárọ̀, ẹ dúró kó ká.

Ohun tó wà nínú ẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni tó so okùn kankan, ẹ kó ohun tó lè ba omi jẹ́ kúrò. Bátìrì ni àkọ́kọ́, òjé àti ásíìdì ló wà nínú ẹ̀, ẹ gbé e dúró ṣánṣán sínú ráábà, ẹ má dà á nù sínú igbó. Lẹ́yìn ẹ̀ ni epo. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́: èéfín pẹtiróòlù wúwo ju atẹ́gùn lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń jókòó sí, ẹ lè máà gbóòórùn ẹ̀ lókè kó sì kún ìsàlẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí sìgá, kò gbọdọ̀ sí iná, ẹ má fi ẹ̀rọ tó ń ta iná fa epo jáde. Kẹ́ ẹ fi páìpù ọwọ́ fà á sínú kẹ́ẹ̀gì.

Epo tó bá ti dà sójú omi, ẹ má fọ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ọṣẹ á kàn tú u ká inú omi ni, ẹja á sì kú. Ohun tí àgbàlagbà kan kọ́ wa ni òwú àràbà. Ẹ kó òwú àràbà sínú àwọ̀n àtijọ́, ẹ di í bíi ìrọ̀rí gígùn, ẹ tò ó yí ọkọ̀ ká lórí omi. Kì í tètè fa omi ṣùgbọ́n ó ń fa epo dáadáa, ó sì ń léfòó. Tó bá ti mu epo tán, ẹ kó o sínú dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí.

Ẹ́ńjìnì, ẹ tú u kúrò kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀. Àwọ̀n tó lọ́ mọ́ ọkọ̀, ẹ fi ọ̀bẹ gé e kúrò díẹ̀díẹ̀, kí òmùwẹ̀ má ṣe wọ inú omi lóun nìkan, kí ẹnì kan wà lókè tó ń wò ó tó sì di okùn tí wọ́n so mọ́ ọn mú. Àwọ̀n ti pa àwọn òmùwẹ̀ tó mọ omi ju ẹja lọ. Ẹ ṣọ́ra fún ejò àti agbọ́n, wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ àpatì. Kí gbogbo èèyàn wọ bàtà àti láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, kódà ẹni tó ní òun ti ń lúwẹ̀ẹ́ látìgbà tí wọ́n ti bí òun. Tẹ́ ẹ bá dúró pẹ́ nínú omi tí kì í ṣàn, tí ìgbín kéékèèké wà níbẹ̀, kòkòrò ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ lè gba ara yín wọlé, ẹ lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà lẹ́yìn oṣù méjì kí wọ́n yẹ̀ yín wò, oògùn ẹ̀ wà.

Gbígbé e léfòó

Ibí yìí ni ìṣirò ti wọlé, ṣùgbọ́n kò le. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Dúrọ́ọ̀mù búlúù tó ń gba lítà 200, tẹ́ ẹ bá dé e pa pẹ̀lú atẹ́gùn nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ omi, ó máa gbé bíi kílò 190 sókè, torí òun fúnra ẹ̀ ní ìwúwo díẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 máa gbé bíi kílò 24. Fáíbà náà wúwo ju omi lọ ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú, nígbà tó bá wà lábẹ́ omi, ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo ẹ̀ péré lẹ máa gbé. Ọkọ̀ tó jẹ́ kílò 600 lórí ilẹ̀, bíi kílò 200 ló kù lábẹ́ omi. Dúrọ́ọ̀mù méjì máa gbé e nínú ìṣirò. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ wà nínú ẹ̀, ẹrẹ̀ ò sí nínú ìṣirò, torí náà ẹ mú mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Pákó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ pákó ló fẹ́ léfòó fúnra ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti kó ẹrẹ̀ inú ẹ̀ kúrò.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́n ẹrẹ̀ jáde. Páánù, bákẹ́ẹ̀tì, ọwọ́, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ní. Iṣẹ́ yìí ló gùn jù, ó lè gba ọjọ́ méjì gbáko, àwọn èèyàn á sì fẹ́ fò ó kí wọ́n tètè máa fà. Ẹ má fò ó. Lọ́jọ́ iṣẹ́ yẹn la máa ń po gaàrí Ìjẹ̀bú tútù mọ́ ẹja díńdín fún gbogbo èèyàn ní agogo mọ́kànlá, ẹni tó bá yó ló lè dúró nínú ẹrẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ihò tó jò. Ẹ fi àkísà àti pákó pélébé dí i láti inú, tí omi bá ṣì ń wọlé, ẹ na tapólì yí ìta ọkọ̀ ká kẹ́ ẹ sì fi okùn dì í, omi fúnra ẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò náà. Kẹ́ ẹ wá ti okùn gba abẹ́ ọkọ̀. Ẹ má so okùn mọ́ ìkọ́ tàbí irin ara ọkọ̀ o, ó ti jẹrà, á já. Okùn gbọ́dọ̀ gba abẹ́ ìdí ọkọ̀ bíi ọ̀já tí ìyá fi pọn ọmọ, méjì ó kéré tán, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ pé ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ẹ lo pọ́ńpù láti tú omi sábẹ́ ẹ̀ kí ẹrẹ̀ ṣí, tàbí kẹ́ ẹ fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ́ abẹ́ ẹ̀ bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ pákó.

Ẹ wá pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù kí wọ́n rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ẹ so ó mọ́ okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bákan náà, kẹ́ ẹ wá fi pọ́ńpù táyà fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀ kómi máa jáde láti ẹnu ìsàlẹ̀. Ẹ fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan nìkan, ọkọ̀ á yí dànù, kò sì gbọdọ̀ sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ ẹ̀ tàbí lórí ẹ̀ nígbà yẹn. Tí ẹrẹ̀ bá dì í mú, ẹ má jà á. Ẹ gbé imú ẹ̀ nìkan sókè, ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì, ẹ fi sílẹ̀ kó sùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣẹlẹ̀ sí wa pé a fi ọkọ̀ sílẹ̀ lálẹ́ a bá a lórí omi láàárọ̀.

Tó bá yọ, kì í ṣe pé iṣẹ́ ti tán. Títí etí ọkọ̀ á fi ga ju ojú omi lọ, gbígbọ́n tẹ́ ẹ bá ń gbọ́n omi, àsán ni, omi tẹ́ ẹ gbọ́n á tún padà wọlé. Ẹ fún dúrọ́ọ̀mù mọ́ ọn lára títí etí ẹ̀ fi máa yọ ní gbogbo yíká, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wá fi pọ́ńpù àti bákẹ́ẹ̀tì gbọ́n omi inú ẹ̀.

Fífà á gòkè

Tẹ́ ẹ bá fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì fà á lórí omi, ẹ rọra, bí ẹni ń gbé ìkòkò epo. Ẹ yan ibi tí ilẹ̀ ò ga, ẹ to igi róbótó sílẹ̀ kí ọkọ̀ máa yí lórí wọn, èèyàn méjì á máa gbé igi ẹ̀yìn wá síwájú. Ṣéènì bulọ́ọ̀kù tí wọ́n so mọ́ igi ńlá tó fìdí múlẹ̀ dáa ju ogún ọmọkùnrin tó ń ké "hẹ́ẹ̀ẹ̀ ó" lọ, torí ó ń fà díẹ̀díẹ̀, ó sì lè dúró.

Okùn ọ̀rá máa ń nà, tó bá já, á fò padà bíi pàṣán, ó lè ṣẹ́ ẹsẹ̀, ó lè fọ́ ojú. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ dúró ní tààrà okùn tàbí láàárín igi àti ọkọ̀. Ẹ gbé àpò tó tutù kọ́ àárín okùn, tó bá já, àpò á fà á wálẹ̀. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà, wọ́n máa ń pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń pàṣẹ, tó bá ní "dúró", kí gbogbo èèyàn dúró, kódà kó jẹ́ pé baálẹ̀ ló ń fà.

Kí la fẹ́ fi í ṣe?

Àwọn tó máa dáná sun ún ti ń bọ̀, ẹ má gbà fún wọn. Fáíbà kì í ṣe igi, ike àti dígí ni, èéfín ẹ̀ dúdú, ó sì burú fún ẹ̀dọ̀fóró, eérú ẹ̀ á sì padà sínú omi tẹ́ ẹ ti yọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé e, ẹ da omi sí i bẹ́ ẹ ṣe ń fi ayùn gé e kí eruku má fò, kẹ́ ẹ lo ìbòmú tó dáa, ìbọ̀wọ́ àti aṣọ gígùn. Eruku fáíbà máa ń yún ara fún ọjọ́ mẹ́ta, èyí tẹ́ ẹ bá fà símú ló burú jù. Kí gígé jìnnà sí étí omi, kẹ́ ẹ tẹ́ tapólì sábẹ́ ẹ̀. Ẹ bá ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n kó àjákù ẹ̀ lọ síbi ìdalẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó gé e, ẹ ronú, ìdajì ọkọ̀ fáíbà tí kò jò lè di ibi tí ewúrẹ́ ti ń mumi, ó lè di ibi tí wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ilé wa báyìí tí màmá mi gbin ṣọkọ yòkòtò sí.

Pákó, ẹ jẹ́ kí káfíńtà wò ó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìsàlẹ̀ nìkan jẹrà tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣì le. Èyí tó bá di igi ìdáná, ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ń yan ẹja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í yan ẹja. Wọ́n ti fi kóótà àti ọ̀dà kùn ún láti ọdún pípẹ́, tó bá ń jó, oró inú ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ara ẹja, àwa la ó sì jẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé igi ti wọ́n, ṣùgbọ́n èyí ò ṣeé ṣe.

Irin àti ẹ́ńjìnì, ẹ tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, tó bá jẹ́ pé ẹni tó ni ín ti yọ̀ọ̀da ẹ̀. Ẹ kọ iye owó náà sílẹ̀ níwájú èèyàn, kẹ́ ẹ fi san owó okùn àti epo pọ́ńpù. Owó tí kò sí nínú ìwé ló máa ń tú ẹgbẹ́ ká.

Kẹ́ ẹ tó tú ọparun àmì yẹn kúrò, ẹ so irin tó wúwo mọ́ okùn gígùn, kí ọkọ̀ kékeré méjì di í mú lọ́tùn-ún lósì, kí wọ́n wọ́ ọ gba ìsàlẹ̀ ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, torí pákó tàbí irin kan lè ti já kù sílẹ̀. Tó bá gbé nǹkan, ẹ padà wọ inú omi. Tí kò bá gbé nǹkan, ẹ tú ọparun, kẹ́ ẹ pe alága àwọn awakọ̀ kó wá fi ọkọ̀ tiẹ̀ kọjá níbẹ̀ fúnra ẹ̀, kó lè sọ fún àwọn yòókù pé ọ̀nà ti ṣí.